ÀTUBỌ̀TÁN SẸ̀GILỌLÁ: Àyẹ̀wò Ìwé Kan Lórí Ohun Tí Ẹ̀dá Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Yàn

Àwọn àgbà wa kò fi ọ̀rọ̀ yíyàn ṣeré. Wọ́n ní kí ènìyàn tó dé ayé ni ó ti kúnlẹ̀ yan ohun tí yóò bá níbẹ̀. Nítorí náà, bí nǹkan bá dára fún ẹnì kan, a ó ní orí rẹ̀ ni. Bí kò bá sì dára, a ó tún ní orí rẹ̀ náà ni. Ọ̀rọ̀ yìí a máa tu ẹni tí ìyà ń jẹ láìṣẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n ó tún lè di ibi ìsápamọ́ fún ẹni tí kò fẹ́ kí a bi òun léèrè ohun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ìwé tí mo fẹ́ yẹ̀ wò fún ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ nínú ìwé ọdọọdún wa yìí kọ̀ láti wọ inú ibi ìsápamọ́ náà. Orúkọ rẹ̀ ni Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Sẹ̀gilọlá, Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, Ẹlẹ́gbẹ̀rún Ọkọ Láyé. Ẹni tí ó kọ ọ́ ni Isaac Babalọlá Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí ìwé náà ṣe wáyé. Ní oṣù Keje ọdún 1929 ni lẹ́tà àkọ́kọ́ jáde nínú Akéde Èkó. Láti ìgbà náà ni lẹ́tà ń tẹ̀lé lẹ́tà títí di oṣù Kẹta ọdún 1930. Nínú ọdún 1930 kan náà ni a sì kó gbogbo wọn jọ tí wọ́n di ìwé. Àkókò tí ìwé ìròyìn Yorùbá ń gbilẹ̀ ni. Adéoyè Dẹ́nígà ti dá Èkó Àkéte sílẹ̀ ní 1922, E. A. Akíntàn ti dá Elétí Ọfẹ sílẹ̀ ní 1923, D. A. Ọbasá sì ti bẹ̀rẹ̀ The Yoruba News ní Ìbàdàn ní 1924, kí Thomas tó gbé Akéde Èkó tirẹ̀ jáde ní 1928. Nígbà tí àwọn lẹ́tà náà ń jáde, orúkọ Thomas kò hàn nídìí wọn. Sẹ̀gilọlá fúnra rẹ̀ ni ó ń bá olóòtú sọ̀rọ̀, òun ni ó ń kìlọ̀ fún àwọn òǹkàwé, òun ni ó sì ń dárúkọ àdúgbò tí gbogbo ará Èkó mọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi gbà pé obìnrin náà wà láàyè níbì kan nínú ìlú. Àwọn òǹkàwé kọ̀wé sí olóòtú nítorí rẹ̀.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwa olùkọ́ ń sọ fún àwọn ọmọ pé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, èyí tí a tẹ̀ jáde ní 1938, ni ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè wa. Ṣùgbọ́n ìwé Thomas ti fi ọdún mẹ́jọ ṣáájú rẹ̀. Ní ọdún 2012, ọ̀mọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Karin Barber, tún un gbé jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀. Nítorí náà kò yẹ kí ó ṣe àjèjì sí wa mọ́.

Ìtàn náà kò lọ́jú pọ̀. Obìnrin kan tí ó ti darúgbó ń ṣàìsàn nínú òṣì ní Èkó, ó sì ń sọ bí òun ṣe di bẹ́ẹ̀. Nígbà èwe rẹ̀, ẹwà rẹ̀ kò láfiwé, ìyá rẹ̀ sì fi ìṣọ́ra líle tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bọ́ sí ọwọ́ ara rẹ̀, ó sọ ẹwà náà di ọjà. Ó ń ti ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ òmíràn, ó ń jẹ, ó ń mu, ó ń lo aṣọ olówó iyebíye, títí ẹwà fi ṣá, tí owó tán, tí àwọn tí ń pè é ní olùfẹ́ kò sì rántí ọ̀nà ilé rẹ̀ mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé èyí nìkan ni ohun tí ó wà nínú ìwé náà, ìbá tó kí a pa á ní òwe kan ṣoṣo fún àwọn ọmọ, kí a sì gbé e sí apá kan. Ohun tí ó mú mi kọ àyẹ̀wò yìí ni ọ̀nà tí a gbà sọ ọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ó ṣe àkíyèsí ni pé Thomas kò fi òpin ìtàn pamọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Sẹ̀gilọlá ti sọ fún wa pé aláìsàn ni òun, òtòṣì ni òun, ìkìlọ̀ ni òun sì fẹ́ fi ayé òun ṣe. Ẹni tí ó bá ń kọ ìtàn láti fi dá àwọn ènìyàn lára yá nìkan kì yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Yóò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ títí di ewé ìkẹyìn kí ẹ̀rù lè ba òǹkàwé. Ẹ wo ohun tí Thomas fi ọgbọ́n rẹ̀ jèrè. Níwọ̀n bí a ti mọ ibi tí ọ̀nà náà yóò já sí, a kò tún béèrè pé, Kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Ohun tí a ń béèrè ní gbogbo ìgbà ni pé, Ṣé níhìn-ín ni ó ti yẹ kí ó yà? Gbogbo àríyá tí ó ń ròyìn fún wa, òjìji yàrá aláìsàn wà lórí rẹ̀. Àwọn tí ń ka ìwé ìròyìn náà ní 1929 tún ní láti dúró di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ kí wọ́n tó rí lẹ́tà mìíràn. Ìdúró náà pàápàá jẹ́ ẹ̀kọ́. Bí iná bá ń jó ọmọdé lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀ tí ó bá fi kàn án, kò sí ọmọ tí yóò fọwọ́ kan iná lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n àtubọ̀tán ìwà kì í yára bẹ́ẹ̀. A máa pẹ́ lọ́nà, ní àkókò tí ó sì ń pẹ́ yìí ni ènìyàn ń rò pé kò ní í dé mọ́.

Ohun kejì ni bí àwọn oríta rẹ̀ ṣe kéré tó. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́, ìwé John Bunyan tí Àlùfáà David Hinderer ti Ìbàdàn túmọ̀ sí Yorùbá tí ó sì jáde ní 1866, ẹ rántí bí oríta ṣe rí nínú ìwé náà. Orúkọ ẹni burúkú ni ìwà burúkú rẹ̀, orúkọ ẹrẹ̀ ni àìnírètí rẹ̀, ẹni tí ó bá sì ṣìnà lè mọ ibi tí ó ti kúrò lójú ọ̀nà tààrà. Ìwé rere ni, ó sì ti ran ọ̀pọ̀lọpọ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ayé tí àwa ń gbé kò lẹ orúkọ mọ́ nǹkan bẹ́ẹ̀. Ní ti Sẹ̀gilọlá, kò sí ọjọ́ kan tí ó jí tí ó sọ pé, Lónìí ni èmi yóò ba ayé mi jẹ́. Ẹ̀bùn kan ni ó gbà. Ìpè kan ni ó dáhùn. Ọ̀rọ̀ ìyá kan ni ó jẹ́ kí ó gba etí kan wọlé kí ó gba èkejì jáde. Èyí tí ó gbà lónìí mú kí èyí tí ó ń bọ̀ lọ́la rọrùn láti gbà. Nígbà tí ọ̀nà náà wá dojú rú, kò lè tọ́ka sí ibi kan ṣoṣo kí ó ní, Ibí yìí ni. Mo rò pé òtítọ́ tí ó jinlẹ̀ jù lọ nínú ìwé náà nìyí, àwọn ọ̀dọ́ kì í sì tètè gbà á gbọ́, nítorí pé wọ́n ń retí kí ewu ńlá fi ìlù kéde ara rẹ̀.

Ohun kẹta wà nínú orúkọ ìwé náà: Èmi. Ní agbègbè wa níhìn-ín, láti Afọ̀n dé Ìmẹ̀kọ, títí lọ sí Kétu ní ìhà kejì ààlà, a mọ ohun tí ó ń jẹ́ pé kí a fi orin sọ àṣìṣe ènìyàn ní gbangba. Ẹ̀fẹ̀ a máa jáde ní òru kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jó ní ọjọ́ kejì. Yóò júbà àwọn ìyá, yóò ṣe ìwúre fún ìlú, lẹ́yìn náà yóò wá kọrin lé olè, lé alágbèrè, lé ìjòyè tí ó jẹ owó ìlú. Iṣẹ́ ọnà yìí ní iyì tó bẹ́ẹ̀ tí àjọ UNESCO fi kéde rẹ̀ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ bá wa lọ sí ojú agbo náà, ohùn orin a máa dé etí ẹni lórí ibùsùn. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni Ẹ̀fẹ̀ ń bá wí. Ẹni tí ń gbọ́ lè rẹ́rìn-ín, kí ó sì dúpẹ́ pé a kò dárúkọ òun. Sẹ̀gilọlá ni akọrin, òun náà ni ẹni tí a ń kọrin lé. Kò sọ pé ayé ni ó ṣe òun, kò sì fi ẹ̀bi rẹ̀ lé orí tàbí lé àjẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tí arúgbó kan bá jókòó tí ó ní, Èmi ni mo yàn án, ẹni tí ń gbọ́ kò lè rẹ́rìn-ín pẹ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ń wá ibi tí yóò fi ara balẹ̀ sí nínú òun náà.

Fágúnwà gba ọ̀nà mìíràn. Lẹ́yìn gbogbo ogun tí Àkàrà-Ògùn àti àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ jà, wọ́n jókòó ní iwájú Ìrágbèjè, ó sì fi ọjọ́ méje kọ́ wọn ní ọgbọ́n. Ẹ̀kọ́ náà ti ẹnu ọlọ́gbọ́n jáde. Ti Sẹ̀gilọlá ti ẹnu ẹni tí ó fara pa jáde. Ọmọ ilé ìwé yóò bọ̀wọ̀ fún ẹ̀kọ́ Ìrágbèjè. Ti Sẹ̀gilọlá ni yóò rántí nígbà tí ó bá dá wà.

Àwọn kan ti rí àléébù nínú ìwé náà, wọ́n ní ìrònúpìwàdà obìnrin náà kò jinlẹ̀, nítorí pé bí ó ti ń sunkún ni ó ń kọ orin fàájì ayé àtijọ́, a sì lè gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀ pé àwọn ọjọ́ wọnnì ṣì ń dùn mọ́ ọn. Òtítọ́ ni pé ó ń dùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n èmi kò ka èyí sí àléébù. Bí ó bá sọ fún wa pé kíkan ni gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, irọ́ ni ìbá pa, àwọn ọmọ wa ìbá sì mọ̀ pé irọ́ ni. Oyin ni a fi ń mú eèrà, a kì í fi ewúro mú un. Ìwé tí ó bá fẹ́ kìlọ̀ fún ọ̀dọ́ gbọ́dọ̀ ní ìgboyà láti jẹ́wọ́ pé ohun tí òun ń kìlọ̀ rẹ̀ dùn, kí ó tó sọ ohun tí ó wà nísàlẹ̀ ìkòkò.

Àléébù tí èmi rí tóbi ju èyí lọ. Orúkọ rẹ̀ ni Ẹlẹ́gbẹ̀rún Ọkọ, ṣùgbọ́n níbo ni ẹgbẹ̀rún ọkọ náà wà nígbà tí ọjọ́ ìṣírò dé? Àwọn ọkùnrin tí wọ́n fi owó dẹ ẹ́, tí wọ́n tan ìyá rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ ọkọ ẹlòmíràn ní ilé tiwọn, wọ́n wọ inú ìtàn náà, wọ́n sì jáde láìsan gbèsè. Sẹ̀gilọlá bo orúkọ wọn, a sì lè sọ pé ó ṣe é nítorí ìtìjú. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé ọkùnrin ni ẹni tí ó di kálámù mú, tí ó sì ń fi ohùn obìnrin sọ̀rọ̀. Ó rọrùn fún un láti kó gbogbo ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ ìlú lé ẹyọ orí kan. Yíyàn tí ènìyàn méjì jọ yàn, ẹnì kan ṣoṣo ni ìwé náà mú kí ó kórè rẹ̀. Ní ibi yìí, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Sẹ̀gilọlá kì í ṣe èso ìwà rẹ̀ nìkan mọ́; èso àṣà ìlú tí ó dá obìnrin lẹ́bi tí ó sì ki ọkùnrin ní akọni wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìwé náà fi èyí hàn láìmọ̀, kò sì bá a wí.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Bí ọmọbìnrin kan bá lóyún nínú ilé ìwé, òun ni ó ń fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, òun ni àwọn òbí ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn àbúrò rẹ̀. Ẹni tí ó fún un lóyún, bí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, yóò máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ; bí ó jẹ́ àgbàlagbà, yóò máa bá òwò rẹ̀ lọ. Bí a bá ka Sẹ̀gilọlá fún àwọn ọmọbìnrin nìkan, bí ẹni pé òògùn tiwọn ni, a ó ti tún àléébù Thomas ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Iwájú àwọn ọmọkùnrin gan-an ni ó yẹ kí a ti kà á.

Ìtàn kan náà wà ní ẹ̀bá ààlà wa ní aṣọ mìíràn. Ní 1889 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé fohùn ṣọ̀kan lórí ààlà tí ó mú Kétu lọ sí ọ̀dọ̀ Faransé, tí ó sì fi àwọn ìbátan rẹ̀ sílẹ̀ ní ìhà ti Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ará Ìmẹ̀kọ tàbí ará Ìlárá tí a bi léèrè. Èyí ni mo lè pè ní àkúnlẹ̀yàn tiwa, ohun tí a bá láyé. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fi ilé ìwé sílẹ̀ tí ó gun alùpùpù láti máa gbé ìrẹsì àti epo gba ọ̀nà igbó, òun ti yan nǹkan kan lórí ohun tí ó bá láyé. Bíi ti Sẹ̀gilọlá, kò yàn án lẹ́ẹ̀kan náà. Ìsinmi ilé ìwé ni ó fi bẹ̀rẹ̀; owó àkọ́kọ́ ra bàtà; èyí tí ó tẹ̀lé e ra fóònù. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ti àwọn ààlà ilẹ̀ pa láti oṣù Kẹjọ 2019 títí di oṣù Kejìlá 2020, ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n gbé gbogbo ìrètí wọn lé ọ̀nà náà rí i bí ilẹ̀ ṣe ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹni tí a sì ń mú nínú igbó ni ẹni tí ó gbé ẹrù. Ẹni tí ó ni ẹrù wà nínú ilé rẹ̀. Lọ́nà yìí pẹ̀lú, ẹni tí ó yàn kò dá yàn, ṣùgbọ́n òun nìkan ni ó ń san án.

Nítorí náà a kò lè gbà pé orí nìkan ni ó ń ṣe ayé ẹni, a kò sì lè gbà pé ọwọ́ ara ẹni nìkan ni. Ní ọdún 1931, ọdún kan péré lẹ́yìn ìwé Thomas, Akíntàn gbé ìwé tirẹ̀ jáde, Ìgbẹ̀yìn Á Dùn, tàbí Ìtàn Ọmọ Òrukàn. Ó dára kí a gbé àwọn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí pẹpẹ ìwé. Ọmọ òrukàn kò yan ikú òbí rẹ̀. Bí ọmọ bá ka ti Sẹ̀gilọlá láìka irú ìtàn ọmọ òrukàn, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í wo gbogbo òtòṣì bí ẹni tí ń jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀, ìwà ìkà sì ni èyí. Bí ó bá ka ti ọmọ òrukàn láìka ti Sẹ̀gilọlá, ó lè máa dúró de ìgbẹ̀yìn dídùn láìṣe ohunkóhun.

Báwo ni kí a ṣe kà á ní kíláàsì? Mo dábàá pé kí olùkọ́ má ṣe yára dé ibi ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́. Kí ó ka lẹ́tà kan, kí ó sì bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè mẹ́ta: Níbo ni oríta wà nínú èyí tí a kà lónìí? Ta ni ó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú Sẹ̀gilọlá, kí ni ó sì ṣe? Bí ó bá fẹ́ padà ní ibi yìí, ilé ta ni ì bá lọ? Ìbéèrè kẹta ni ó wúwo jù. Ọmọ onínàákúnàá inú àkàwé Olúwa wa rántí pé baba òun ní ilé, àti pé oúnjẹ wà níbẹ̀. Ó padà nítorí pé ibi kan wà tí ó lè padà sí. Sẹ̀gilọlá, nígbà tí ojú rẹ̀ là, ojú ewé ìwé ìròyìn ni ó rí sá lọ. Àwọn òǹkàwé tí wọ́n kọ̀wé nítorí rẹ̀ kò mọ̀ pé Thomas ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí i pé ẹni tí ó jẹ́wọ́ àṣìṣe rẹ̀ ní gbangba yẹ kí a dá lóhùn.

Ìdájọ́ mi lórí ìwé náà nìyí. Èdè rẹ̀ dára, ó kún fún òwe àti orin Èkó. Bí ìtàn ìrìn-àjò ẹ̀dá láti oríta dé oríta, n kò tí ì rí èyí tí ó pé jù ú lọ láàárín àwọn ìwé tí ó ṣáájú 1938. Ó jẹ́ olóòótọ́ nípa adùn, ó jẹ́ olóòótọ́ nípa bí ìjìyà ṣe ń pẹ́ kí ó tó dé, ó sì kọ́ wa láti pe ara wa ní Èmi nígbà tí ọ̀ràn bá kan ìwà wa. Kò jẹ́ olóòótọ́ nípa àwọn tí wọ́n bá a jẹ nínú àwo kan náà. Kí olùkọ́ tí yóò bá fi kọ́ni fi apá yìí kún un fúnra rẹ̀, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí àga àwọn ọmọkùnrin.